Ẹni Tí Kò Mọ Àtúnṣe Kò Tíì Ní Nǹkan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nígbà tí a bá ń pa òwe yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀tá ilé ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Aláǹgbá ni a ń bá wí, a kì í bá onílé wí, bẹ́ẹ̀ ni a kì í bi ara wa léèrè pé ta ni ó yẹ kí ó ti dí ẹnu ògiri kí aláǹgbá tó dé. Ìbéèrè yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ohun tí n ó fi ṣe àpẹẹrẹ kì í ṣe ògiri alámọ̀. Àpótí ẹja ni. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ náà kéré, kí ó ní sùúrù, nítorí inú ohun kékeré ni ìwà ènìyàn ti ń hàn.

Àpótí tí mo ń wí ni èyí tí àwọn olówó ń gbé sí pálọ̀, tí àwọn ilé ìtura àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá sì ń gbé sí ibi tí àlejò kọ́kọ́ ń jókòó sí, tí ẹja aláwọ̀ wúrà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Gíláàsì ni a fi ṣe òmíràn. Òmíràn sì jẹ́ ike líle tí ó mọ́ gaara bí omi òjò, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa mọ̀ sí Perspex, orúkọ tí ilé-iṣẹ́ ICI ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi tà á ní nǹkan bí ọdún 1934. Ike yìí kò wúwo tó ìdajì gíláàsì, kì í sì í tètè fọ́ bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń sán. Lọ́jọ́ tí ó bá sì sán, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí kápẹ́ẹ̀tì, irú ènìyàn mẹ́ta ni a máa ń rí ní Èkó. Èkínní á ní kí wọ́n gbé e dànù, kí wọ́n ra tuntun. Èkejì á pe ẹnì kan tí yóò fi gọ́ọ̀mù bo ojú rẹ̀, tí yóò gba owó, tí yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ, á wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Mo fẹ́ bá àwọn méjì àkọ́kọ́ wíjọ́, kí n sì gbè sẹ́yìn ẹ̀kẹta.

Ibi tí a ó ti rí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò jìnnà. Ẹni tí ó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ibẹ̀ ni ojúbọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Èkó. Láti Bájùláyé títí dé Fọlá Àgòrò, ìró ẹ̀rọ ni ènìyàn ń gbọ́. Wọ́n ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n ń tẹ kàlẹ́ńdà, wọ́n ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọn ni Heidelberg tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tí àwọn aláwọ̀ funfun ti lò gbó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òmíràn nínú wọn dàgbà ju ọmọ tí ń tẹ̀wé lórí rẹ̀ lọ. Ta ni ó gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ró? Àwọn tí ń tún un ṣe ni, àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn rọ irin tí kò sí lọ́jà mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn tí ń gé Perspex ní ìsọ̀. Iṣẹ́ wọn ni pátákó ìpolówó, lẹ́tà gàgàrà tí a ń gbé sí iwájú ilé ìtajà, àti àmì ẹ̀yẹ tí a ń fún àwọn ènìyàn pàtàkì. Ike tí wọ́n ń gé yìí ni a fi ń dá gbogbo ayé lọ́lá, àfi ẹni tí ó gé e.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Bàrígà, ní ìhà Ìlàjẹ tí ó kọjú sí ọ̀sà. Àwọn apẹja wà níbẹ̀. Ọkọ̀ pákó wọn kì í di igi ìdáná lọ́jọ́ tí ó bá sán. Wọ́n á fà á gun orí ilẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ, wọ́n á fi òwú tàbí àkísà dí ojú ibi tí omi ń gbà wọlé, wọ́n á da ọ̀dà sí i. Bí ó bá sì gba bẹ́ẹ̀, wọ́n á kan páànù mọ́ ọn. Kò sí ẹni tí ń fi ẹnu dídùn tún ọkọ̀ ṣe, nítorí àárín ọ̀sà ni omi yóò ti bi í léèrè. Àpótí ẹja àti ọkọ̀ apẹja, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọ̀kan ń dá omi dúró sínú, èkejì ń dá omi dúró síta.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ ohun tí àtúnṣe tòótọ́ jẹ́, kí ó lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹ̀tàn. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù. Á kọ́kọ́ kó àwọn ẹja sínú báàkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú omi tí wọ́n ti ń gbé tẹ́lẹ̀, nítorí omi tuntun lójijì lè pa wọ́n. Á da ìyókù omi nù. Á jẹ́ kí àpótí náà gbẹ dé inú ibi tí ó ti sán, nítorí bí ọ̀rinrin bá kù síbẹ̀, ojú àtúnṣe yóò funfun bí ojú afọ́jú, kò sì ní lágbára. Lẹ́yìn náà, á wo orí àti ìdí sísán náà, á fi ẹ̀rọ ìdálu dá ihò kékeré kan sí ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Òpè á rò pé ó ń ba nǹkan jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ibi tí nǹkan ti sán máa ń mú bí ojú abẹ. Gbogbo agbára omi ń kóra jọ síbẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti ń là síwájú. Ihò róbótó á pín agbára náà ká, sísán náà á sì dúró.

Ìgbà náà ni á tó mú oògùn tí ó ṣàn bí omi, tí àwọn ará ìsọ̀ sábà máa ń lo kúlórófọ́ọ̀mù fún, á fà á sínú abẹ́rẹ́, á jẹ́ kí ó yọ́ wọ inú ibi tí ó sán. Oògùn yìí kì í ṣe àtè. Kì í dúró láàárín ojú méjèèjì kí ó máa fà wọ́n mọ́ra. Ṣe ni ó ń yọ́ ike ti ọ̀tún àti ike ti òsì, tí wọ́n á fi wọnú ara wọn. Bí oògùn bá ti fẹ́ lọ tán, ojú méjì á ti di ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, á gé ègé Perspex mìíràn tí ó nípọn tó ti àkọ́kọ́, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibẹ̀ láti inú, kì í ṣe láti ìta, kí omi fúnra rẹ̀ lè máa tì í mọ́ ògiri. Á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Á da omi sí i láìsí ẹja nínú rẹ̀, á sì máa ṣọ́ ọ. Ìgbà tí ó bá dá a lójú pé kò jò ni yóò tó pe oníǹkan.

Ẹ fi èyí wé ti ẹlẹ́tàn. Sílíkóònù tí a fi ń lẹ gíláàsì ni ó ń fà sójú ibi tí ó sán, bẹ́ẹ̀ sílíkóònù kì í mú ike yìí dáradára. Tàbí kí ó da gúlúù tí ń gbẹ kíákíá sí i, èyí tí ó le tí kò sì lè tẹ̀, tí yóò tún bẹ́ bí omi bá ti tì í. Tàbí kí ó fi sípíríìtì nu gbogbo rẹ̀ kí ó lè dán, láìmọ̀ pé sípíríìtì ń mú kí ike náà sán wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ tí ọyẹ́ mú. Ojú á dán fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ilẹ̀ á tutù.

Kí ni ó burú nínú pé ilẹ̀ tutù? Àpótí tí ó gùn ní ọgọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà, tí ó fẹ̀ ní àádọ́ta, tí ó sì ga ní àádọ́ta, lítà omi 250 ni ó ń gbà. Lítà kan, kílò kan. Bí àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún ni ó ń fi èjìká ti ògiri náà láìsinmi, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, níbi tí wáyà iná sì ti kọjá lábẹ́ tábìlì. Ẹni tí ó fi gọ́ọ̀mù bo irú ojú bẹ́ẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ tí kò dára nìkan. Ó purọ́ fún onílé lójú ara rẹ̀.

Irọ́ yìí kan náà ni a fi ń kọ́lé. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan tí ilé-ẹ̀kọ́ wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì pa ogún ènìyàn ó kéré tán, tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wà lára wọn. Kò sí ilé tí ń ṣàdédé wó. Ògiri á ti lanu, á ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tuntun àti sìmẹ́ńtì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni a fi ń pa á lẹ́nu mọ́. Ẹni tí ó kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó máa bo sísán lójú ti kọ́ ọ ní ìpànìyàn, ìbáà ṣe àpótí ẹja ni ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó ní kí a gbé e dànù, kí a ra tuntun, ni ó kàn báyìí. Ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì ní àwíjàre mẹ́ta.

Ó ní tuntun ni ó dájú. Ẹ jẹ́ kí a rán an létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Berlin, olú-ìlú Jámánì. Nínú ilé ìtura kan níbẹ̀ ni àpótí ẹja olóbìírí kan wà tí wọ́n ń pè ní AquaDom, tí wọ́n fi irú ike yìí kan náà ṣe, tí ó ga ju ilé alájà mẹ́rin lọ, tí omi inú rẹ̀ sì tó lítà mílíọ̀nù kan. Wọ́n tún un ṣe ní nǹkan bí ọdún 2020, owó sì wọlé. Ní ìdájí ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2022, ó bẹ́ lójijì. Omi náà gba ilẹ̀kùn jáde sí títì, ẹja tí ó tó 1,500 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2023 dárúkọ nǹkan mẹ́ta tí ó ṣeé ṣe kí ó fà á: bóyá ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni ó já, bóyá wọ́n ha ara ike náà níbi kan nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe, bóyá ike náà gbẹ jù nígbà tí wọ́n da omi rẹ̀ nù. Wọn kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀kan báyìí ni. Kí ni a rí kọ́? Owó kì í dá nǹkan dúró kí ó má sán. Ohun tí ó ń gbani ni ojú tí ń ṣọ́ nǹkan àti ọwọ́ tí ó mọ àtúnṣe, àwọn méjèèjì sì ṣòro ju rírà lọ.

Ó tún ní iye tí àtúnṣe ń náni kò yàtọ̀ sí iye tuntun. Bóyá èyí rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa díye lé e, gbogbo ohun tí ó bá gba òkun wá ti di ọ̀wọ́n gógó. Ẹni tí ó ń gbé ohun tí a lè tún ṣe dànù lóde òní, owó àjèjì ni ó ń gbé lọ sí ààtàn Olúṣósùn. Kò sì pín in fún ẹnikẹ́ni ní àdúgbò. Owó àtúnṣe a máa dúró ní Ṣómólú, a máa san owó ilé-ìwé ọmọ ní Bàrígà. Owó tuntun, ọ̀nà èbúté ni ó ń bá lọ.

Àwíjàre kẹta ni kò jẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ: ó ń tijú. Lójú rẹ̀, ohun tí a tún ṣe jẹ́ àmì òṣì. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ àṣà, níbí ni inú sì ti ń bí mi. Ẹ wo ohun tí a ń pe ọkọ̀, fìríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù tí àwọn ará òkèèrè ti lò gbó tí wọ́n sì tà fún wa. Tòkunbọ̀ ni a ń pè é. Orúkọ ọmọ ni! Orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni a fi ń dá ohun tí ẹlòmíràn sọ nù lọ́lá. Ṣùgbọ́n èyí tí ọmọ wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ jí ní Ṣómólú, tí kò jò, tí kò sì yẹ̀, àlòkù ni à ń pè é, a sì ń fi aṣọ bò ó bí àlejò bá dé. Èéṣe tí àgbò ẹlòmíràn fi lọ́lá ju tuntun ọwọ́ wa lọ?

Àwọn baba wa kò ní irú ìtìjú bẹ́ẹ̀. Bí igbá bá sán, wọ́n ń rán an ni. Wọ́n á lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ibi tí ó sán, wọ́n á fi okùn rán an pọ̀, igbá náà á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ojú rírán náà kò fara pamọ́; ẹni tí ó bá fi mu omi ń rí i. Bí ọkọ́ bá jẹ, alágbẹ̀dẹ ń tún un rọ. Àní èdè wa pàápàá ń bá wa wí. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ pé a ṣe ohun tí ó bàjẹ́ kí ó dára ni a fi ń sọ pé a wẹ̀, a sì múra. Ẹni tí ó ń tún ilé ṣe, ẹni tí ó ń tún ara ṣe, ẹni tí ó ń tún ìwà ṣe, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe lójú Yorùbá. Báwo ni ẹni tí ń tún ara ṣe lójú dígí ní òwúrọ̀ yóò ṣe máa tijú ohun tí a tún ṣe?

N kò wí pé ohun gbogbo ni a gbọ́dọ̀ tún ṣe. Bí àpótí ńlá bá sán ní ojú ìsopọ̀, tàbí tí ara rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́ káàkiri, oníṣẹ́ olóòótọ́ á sọ fún oníǹkan pé kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ àtúnṣe nìkan ni ó lè mọ ohun tí kò ṣeé tún ṣe. Ẹni tí ó ń fi owó dáhùn ohun gbogbo kò mọ ìyàtọ̀. Bí ó ṣe ń ju èyí tí ó kú nù ni ó ń ju èyí tí ó yè nù.

Ẹ̀bi kò sì mọ sọ́dọ̀ àwọn méjì yìí. Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, wà ní Akọka. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yábàá wà láti ọdún 1947. Ẹsẹ̀ ni a lè fi rìn láti ẹnu géètì Yunifásítì dé Bàrígà. Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, wọ́n mọ ìdí tí ike fi ń sán. Nínú ìsọ̀, wọ́n mọ bí a ti ń dá a dúró. Kí ni ó dé tí àwọn méjèèjì kò fi jókòó pọ̀? Nítorí èyí, ọmọ iṣẹ́ tí kò ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ ń fa òórùn kúlórófọ́ọ̀mù símú láti àárọ̀ di alẹ́, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, láìsí ẹni tí ó sọ fún un pé oògùn náà ń ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀kọ́ tí kò lè rìn láti Akọka dé Bàrígà kí ó lọ ṣí fèrèsé fún ọmọ yìí, kí ni a fẹ́ fi ṣe?

Àwọn tí a ń fara wé pàápàá ti ń yí padà. Ní ọdún 2024, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin pé àwọn tí ń ṣe irú ẹ̀rọ ilé kan gbọ́dọ̀ máa gbà láti tún un ṣe fún ẹni tí ó rà á, nítorí ààtàn wọn ti kún. Ohun tí wọ́n ń fi òfin wá, ó ti wà ní Ṣómólú tipẹ́. Ó mà ní láti jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá gbé e padà wá fún wa nínú páálí ni a ó tó mọyì rẹ̀!

Èyí ni ìdí tí mo fi sọ pé ẹni tí kò mọ àtúnṣe kò tíì ní nǹkan. Ó sanwó rẹ̀, kò tíì ní in. Ó kàn yá a lò títí di ọjọ́ tí yóò sán ni. Ọjọ́ náà ni yóò mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni nǹkan òun wà. Bí ti ẹnì kan ti rí ni ti orílẹ̀-èdè.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé, bí ó bá sán, ẹ má fi pamọ́, ẹ má sì sọ ọ́ nù kí ẹ tó bi ẹni tí ó mọ̀. Ẹ san owó tí ó tọ́ sí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ má fi owó iṣẹ́ wákàtí kan wá a. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́, ẹ má ṣe fi ọmọ yín sílẹ̀ lọ́jọ́ ìgbòmìnira rẹ̀ tí ó bá jẹ́ pé bíbo ojú nìkan ni ó mọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ Akọka, ọ̀nà Bàrígà kò dí. Ẹnu ògiri ti là. Kò yẹ kí a dúró de aláǹgbá kí a tó dí i.